Ṣé Iṣẹ́ Wa Ni Wọ́n Ń Ra Ni, Àbí Ìjókòó Wa?

 Bí àwa ọmọ ẹgbẹ́ bá pé jọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ilé tí à ń kọ́ sí ìlú wa àti ọ̀rọ̀ ọjà tó gbówó lórí ni ó sábà máa ń gba ẹnu wa. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan wá ni ọ̀rọ̀ kan tún ti wọ àárín wa, tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tí ń tajà, àní láàárín bàbá àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ń gba owó oṣù jókòó sí ilé rẹ̀, kí ó sì sọ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́? Bí ó bá ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá wá ní kí ó padà sí ọ́fíìsì, tí kò fẹ́, ṣé ìwà ọ̀lẹ ni ó hù, àbí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń jà fún?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo gbé wá o. Ní Benin níbí ni ó ti kàn wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bola Tinubu gan-an, ni ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, lítà epo tí kò tó 200 náírà ní àwọn ilé epo NNPC ti kọjá 480 náírà. Àwa tí à ń wọkọ̀ láti New Benin lọ sí Ring Road, tí a tún ń wọ òmíràn níbẹ̀ gba ọ̀nà Sapele lọ síbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, a mọ ohun tí ojú wa rí ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, Gómìnà Godwin Obaseki, tó wà lórí àléfà nígbà náà, kéde pé ọjọ́ mẹ́ta ni kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Edo máa wá sí ibi iṣẹ́ dípò ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ méjì tó kù, títí di ìgbà tí wọ́n bá tún gbọ́ ohun mìíràn. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣe irú rẹ̀ ní oṣù kan náà. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ní Èkó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele kìn-ín-ní sí ìkẹrìnlá máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún máa wá ní ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn olùkọ́ ní tiwọn kò kúrò lórí ọjọ́ márùn-ún.

Ṣáájú èyí, a ti tọ́ irú rẹ̀ wò nígbà àrùn Kòrónà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele kejìlá sísàlẹ̀ jókòó sílé, àyàfi àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ṣeé fi sílẹ̀. Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n tún pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: ti 2020 yẹn, ìjókòó sílé ni, kì í ṣe iṣẹ́ ṣíṣe láti ilé. Fáìlì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní ilé rẹ̀. Owó oṣù wọlé, kò sì sí ẹni tó bi wá pé kí ni a ṣe fún un. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé yìí ti kọ́kọ́ ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ìjọba bá lè san owó fún ọ̀pọ̀ oṣù tí a kò fi ọwọ́ kan bébà, kí gan-an ni ó ń san owó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá?

Ìwé mi kò ju dípúlómà Pólì lọ, n kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti lé ní ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ti rí oríṣiríṣi. Kí n tó sọ èrò tèmi, ẹ jẹ́ kí a padà sí oko àwọn baba wa ná, nítorí pé iṣẹ́ ti wà kí ọ́fíìsì tó dé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn ń gbà fi agbára rẹ̀ sin ẹlòmíràn nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, yàtọ̀ sí ẹrú tí a kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni àgbàṣe. Bí olóko bá gba alágbàṣe, ebè ni wọ́n jọ ń ná. Igba ebè, iye báyìí. Bí alágbàṣe bá fẹ́, ó lè jí lọ ní ìdájí kí ó sì kọ ọ́ tán kí oòrùn tó mú. Bí ó bá fẹ́, ó lè pín in sí ọjọ́ méjì. Olóko kì í jókòó tì í. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń dé, yóò rìn yí oko ká, yóò ka ebè, yóò sì fi ẹsẹ̀ tú ọ̀kan tàbí méjì wò, nítorí pé alágbàṣe alárékérekè a máa bu erùpẹ̀ lé koríko lórí kí ó lè dàbí ebè lójú ẹni tí ń kọjá lọ. Tí ebè bá pé, tí ó sì dára, owó alágbàṣe di dandan, ìbáà jẹ́ pé ó sùn lábẹ́ igi fún wákàtí mẹ́ta.

Ìkejì ni ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ sì ni èlé lórí owó náà, títí tí wọn yóò fi san gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe ìwọ̀fà báyìí kò ta ebè. Àkókò rẹ̀ ni ó tà. 

Ìkẹta ni àáró. Àwọn ẹgbẹ́ kan a jọ ṣiṣẹ́ lóko lágbájá lónìí, lóko tàmẹ̀dò lọ́la, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Ojú ara ẹni ni gbèsè náà. Ẹni tí wọ́n bá ba ṣe oko rẹ̀ tán, tí kò wá yọjú lóko ẹnìkejì, kò sí bí ó ṣe lè ṣàlàyé tí ẹnu kò ní kùn ún.

Ó yẹ kí n fi kún un pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wa ni kò kúrò nílé rí. Àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń ta òfì wọn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Aládìrẹ Abẹ́òkúta ń pa aró lẹ́yìnkùlé. Níbí ní Benin, bí ẹ bá gba òpópó Igun kọjá, ẹ óò rí àwọn tí ń rọ idẹ níwájú ilé baba wọn, ní iṣẹ́ tí ó ti ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ láti ayé àwọn Ọba àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ tí a ṣe nílé kì í ṣe iṣẹ́, kì í ṣe àṣà wa ni ó ń sọ. Àṣà ọ́fíìsì ni, ọ́fíìsì náà kò sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa.

Wàyí o, nínú àwọn mẹ́ta yìí, èwo ni òṣìṣẹ́ ìjọba?

Bí ọ́fíìsì ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ìwọ̀fà ni. Aago mẹ́jọ wọlé, aago mẹ́rin jáde, kọ orúkọ rẹ sínú rẹ́jísítà. Kò sí ẹni tí ń ka ebè. Ibẹ̀ ni òwe burúkú tí gbogbo wa mọ̀ ti jáde wá, pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é làágùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Alágbàṣe kò lè sọ irú rẹ̀ láé, nítorí tí kò bá làágùn, ebè kò ní pé. Ẹni tó bá ta àkókò rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ọ́. Gbogbo wa ni a sì mọ ọgbọ́n tí ó bí: ọkùnrin kan a bọ́ kóòtù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga láàárọ̀, a gbé gíláàsì ojú rẹ̀ lé orí fáìlì tí ó ṣí sílẹ̀, a sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá bèèrè rẹ̀, wọn a ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, kóòtù rẹ̀ nìyí. Kóòtù ń gba owó oṣù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú máa ń gbọ́ lẹ́nu mẹ́séńjà, pé ọ̀gá kò sí lórí àga, ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ohun tí ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí ni mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn àgbà ọ̀gá bá ní bí òṣìṣẹ́ bá wà nílé, àwọn kò ní mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé wọ́n mọ̀ nígbà tó wà ní ọ́fíìsì ni? Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ó jókòó. Ẹni tí kò mọ iye ebè tó yẹ kí ẹnìkan kọ lóòjọ́ kò lè mọ̀ ọ́n nípa wíwo ojú rẹ̀. Tí ó bá sì mọ iye ebè, kí ló tún kàn án bóyá lábẹ́ igi ìrókò ni wọ́n ti kọ ọ́ tàbí lábẹ́ igi ọsàn?

Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní ilé iṣẹ́ ìrìnàjò kan ní Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní Trip.com báyìí. Òṣìṣẹ́ 1,612 ni wọ́n fi ṣe é ní ọdún 2021 sí 2022: wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, apá kan ń wá lójoojúmọ́, apá kejì ń ṣiṣẹ́ nílé ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2024, iṣẹ́ àwọn apá méjèèjì kò yàtọ̀ síra, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n iye àwọn tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ dín ní ìdá mẹ́ta nínú àwọn tí ń dúró sílé ní ọjọ́ méjì. Àwọn ọ̀gá tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ yí èrò wọn padà nígbà tí wọ́n rí i.

Síbẹ̀, lókè òkun pàápàá, wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Amazon ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ padà sí ọjọ́ márùn-ún láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àti pé ní ọjọ́ 20 oṣù náà gan-an, ọjọ́ tí Donald Trump padà sórí oyè, ni ó pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà padà sí ibi iṣẹ́ wọn. Ní Ìlú Ọba ẹ̀wẹ̀, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni òfin ti fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè fún irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ iṣẹ́. Ìbéèrè ni mo wí o. Ọ̀gá ṣì lè sọ pé rárá bí ó bá ní ìdí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ níbẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lórí fóònù: wọn kò fẹ́ padà. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú irin ń jẹ owó àwọn, àwọn mìíràn ní ó ti di ìgbà tí àwọn ń ṣiṣẹ́ nílé kí àwọn tó mọ ojú ọmọ tí àwọn bí.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yìí kì í ṣe tuntun pàápàá. Ní ọdún 1973 ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jack Nilles, ti ń sọ pé iṣẹ́ ni kí a máa gbé lọ bá òṣìṣẹ́, kì í ṣe kí òṣìṣẹ́ máa lọ bá iṣẹ́. Ọdún náà gan-an ni epo di ọ̀wọ́n káàkiri àgbáyé. Epo náà ni ó tún sún tiwa wá ní 2023.

Títí dé ibí yìí, ó lè dàbí ẹni pé ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́ dúró sílé ni mo wà pátápátá. Rárá o. Ẹ rántí àáró.

Iṣẹ́ ìjọba ní ebè nínú, òótọ́ ni: lẹ́tà tí a óò kọ, owó tí a óò ṣírò, ìròyìn ìpàdé tí a óò tẹ̀. Gbogbo èyí ṣeé ṣe nínú yàrá ẹni bí iná bá wà. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ebè. Bàbá arúgbó kan tó fẹ̀yìn tì, tó wọ ọkọ̀ láti Igarra tàbí Auchi wá sí Benin nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kì í ṣe ebè ni ó wá kà. Ènìyàn ni ó wá wò. Ó fẹ́ ẹni tí yóò wo ìwé rẹ̀, tí yóò sọ fún un pé èyí pé, èyí kù. Tí ó bá bá ọ́fíìsì ní títì ní ọjọ́ Tusidé nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ ilé ni, owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ fi pa mọ́, àpò bàbá yẹn ni ó ti jáde. Ìjọba dín ìnira wa kù, ó sì gbé e lé ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó tiwa. Èyí kò tọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń jà fún iṣẹ́ ilé láìsọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Kì í ṣe pé kò sí àtúnṣe. Bí nọ́ńbà fóònù bá wà lára ilẹ̀kùn, tí ẹnìkan sì ń gbé e, tí ètò ìpààrọ̀ sì wà tí kò fi ní sí ọjọ́ tí tábìlì náà yóò ṣófo, bàbá yẹn kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ́fíìsì, ẹ mọ bí ó ti ṣòro tó kí á tó rí ẹni tó máa gbé fóònù ìjọba.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà mọ iṣẹ́ yìí kì í ṣe inú ìwé. Mo jókòó ti àgbà akọ̀wé kan, mo ń wo bí ó ṣe ń ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fọwọ́ sí i, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń dá ẹni tí inú ń bí lóhùn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò lè fi ọ̀nà jíjìn kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tàbí ká ní ó lè kọ́ gígé aṣọ, kò lè kọ́ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bloom kan náà yìí ti kọ́kọ́ ṣe irú ìwádìí yìí ní ilé iṣẹ́ Ṣáínà náà ní bí ọdún 2010, lórí àwọn tí ń gba ìpè oníbàárà. Àwọn tí wọ́n ní kí ó máa ṣe é nílé ṣiṣẹ́ ju àwọn ti ọ́fíìsì lọ ní ìwọ̀n 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ. Nígbà tí wọ́n fún wọn láǹfààní láti yàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti wà nílé yàn láti padà, nítorí pé ó ń ṣe wọ́n bí ẹni tó dá wà. Èkejì sì ni pé bí iṣẹ́ wọn ti dára tó, ìgbéga kò tètè kàn wọ́n bó ti yẹ. Ojú tí kò rí ọ kò ní rántí rẹ. Ọmọdé tó bá yan ilé, kí ó mọ ohun tó yàn.

Ohun tó sì kù tí ó yẹ kí n sọ ni ti ẹni tí ń sanwó. Nígbà tí mo bá wà ní ọ́fíìsì, ìjọba ni ó ń ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀, òun ni ó ra tábìlì, òun ni ó ra fáànù. Bí mo bá jókòó sí yàrá mi, èmi ni mo di ọ́fíìsì ara mi. Iná mànàmáná lọ ní aago mẹ́wàá, mo ní láti tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ní kí n má fi wọkọ̀ mọ́ ni mo tún ń rọ sínú rẹ̀. Nígbà tí lítà kan kọjá 1,000 náírà ní ibi púpọ̀ ní ìparí ọdún 2024, owó tí ẹlòmíràn ń lò láti fi ṣiṣẹ́ nílé ju owó ọkọ̀ lọ. Dátà wà níbẹ̀ tí àjọ NCC fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìwọ̀n 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó rẹ̀. Ó sì ní ọjọ́ tí owó kò ní ṣe é: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà ńlá abẹ́ òkun gé ní ẹ̀bá Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn dákẹ́ tàbí tó ń fà bí ìgbín. Alágbàṣe ni ó ń mú ọkọ́ tirẹ̀ wá sí oko, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ọkọ́ náà wà nínú ohun tí òun àti olóko jọ ná. Ta ni ó bá òṣìṣẹ́ ìjọba ná tirẹ̀?

Ilé pàápàá kò dọ́gba. Olùdarí tó ní yàrá ìkàwé nínú ilé rẹ̀ ní GRA, ilé dára fún un láti ṣiṣẹ́. Akọ̀wé tó ń gbé yàrá kan nínú ilé onírúmù mẹ́wàá, tí ọmọ aládùúgbò ń sunkún, tí ẹnìkan ń gún iyán lọ́nà ẹ̀yìn, ọ́fíìsì ni ibi tí ó ti máa ń rí àlàáfíà. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i nílé kò gbà pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ọkọ yóò rán an níṣẹ́, ọmọ yóò bèèrè oúnjẹ, ọkọ yóò ní ṣebí o wà nílé. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin pé ọjọ́ méjì tí àwọn fi wà nílé rẹ àwọn ju mẹ́ta tí àwọn fi jáde lọ. Mo sì tún gbọ́ lẹ́nu ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ pé bí kì í bá ṣe ọjọ́ méjì náà ni, òun ìbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì.

Ti àwọn aláìṣòótọ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu sọ ní Abuja pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ṣí lọ sí òkè òkun, tí wọ́n sì ń gba owó oṣù níbí láìkọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ dá owó náà padà, kí wọ́n sì fi ìyà jẹ àwọn ọ̀gá tó mọ̀ sí i. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ yìí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ pé ẹ ò rí i, èyí ni a ṣe ní kí wọ́n padà sí ọ́fíìsì. Lójú tèmi, ohun tó yàtọ̀ ni. Ẹni tó wà ní Kánádà tí ń gba owó oṣù Nàìjíríà kò ṣiṣẹ́ láti ilé. Kò ṣiṣẹ́ rárá. Rẹ́jísítà tí a ń fi ọwọ́ kọ ni ó sì pa á mọ́, ẹnìkan ń bá a kọ orúkọ. Bí ó bá ní ebè tí wọ́n ń kà ní ìparí ọ̀sẹ̀, oṣù kan kò ní pé kí àṣírí tó tú.

Nítorí náà, bí àwọn ọmọ wa bá bi mí pé ṣé ó burú kí òṣìṣẹ́ sọ pé òun kò fẹ́ padà sí ọ́fíìsì, èsì mi ni pé kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi irú gbèsè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ebè, kí ó kọ ebè rẹ̀ dáadáa kí wọ́n sì jẹ́ kí ó wà níbi tó bá wù ú. Ọ̀gá tó bá ní dandan kí òun máa rí i, ìwọ̀fà ni ó ń wá. Bí ó bá jẹ́ àáró, bí ènìyàn kan bá wà tí ń retí ojú rẹ̀, ìbáà jẹ́ arúgbó olówó ìfẹ̀yìntì tàbí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, kò lè fi owó ọkọ̀ ṣe àwáwí kí ó fi ẹni náà sílẹ̀. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé nínú iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wa, méjèèjì ló pò pọ̀, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí a kò sì lè fi ọwọ́ yà wọ́n.

Àwọn kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí. Ẹni tí ń gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì, ẹni tí ń ṣọ́ géètì, nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù lóru, wọn kò ní ọjọ́ iṣẹ́ ilé kankan. Owó oṣù gbálẹ̀gbálẹ̀ àti ti ẹ̀ṣọ́ kéré ju tiwa, owó ọkọ̀ kan náà ni a jọ ń san ní Ring Road, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì ń san án. Ní ọjọ́ tí àwa bá dúró sílé, tí ọ́fíìsì kò jó dísù, owó kan wà tí kò jáde lápò ìjọba. Mo ti dá a lábàá ní ìpàdé àwa òṣìṣẹ́, ó sì jọ pé kò dùn mọ́ àwọn kan nínú, pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ gbálẹ̀gbálẹ̀ àti ti ẹ̀ṣọ́ géètì nínú rẹ̀, kí a tó máa jiyàn bóyá ọjọ́ méjì ni kí àwa dúró sílé tàbí mẹ́ta.